Ẹyin Tútù Kì Í Dé Ibi Tí Ohùn Wà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 26 ni mí, Òṣogbo ni mò ń gbé. Iṣẹ́ alága ìdúró ni mò ń ṣe, mo sì ń darí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti kékeré ni ohùn mi ti nípọn bíi ti ọkùnrin, ojú sì máa ń tì mí bí mo bá gbọ́ ara mi nínú fídíò ìnáwó. Oṣù méjì rèé tí mo ti ń mu ẹyin tútù láràárọ̀, mo ń jẹ orógbó, mo sì ra àgbo ohùn lẹ́bàá Ọjà Ọba. Kò sí àyípadà. Kí ni kí n tún lò tí ohùn mi á fi tín-ín-rín?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ẹyin yìí ti sú mi í gbọ́. Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bínú sí o, àwọn tó ń pa irọ́ yìí fún yín ni. Kò sí nǹkan kan tí wàá lò.

Fi ìka méjì lé gògóńgò rẹ níwájú ọrùn, kí o kùn: "hùnnn". Ó ń gbọ̀n lábẹ́ ìka rẹ, àbí? Ibẹ̀ ni tán-án-ná wà, ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tó kọjú síra wọn lókè kòmóòkun, ọ̀nà tí èémí ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á pa dé, èémí tó ń jáde á sì máa gbọ̀n wọ́n: bí ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan fún ọ̀pọ̀ obìnrin, bí 100 sí 125 fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin. Má tíì gbé ìka kúrò. Gbé itọ́ mì. Ṣé o rí i bí gògóńgò ṣe fò sókè kó tó padà sílẹ̀? Ọ̀nà èémí ló ń tì, kí ohun tí o gbé mì lè gba ẹ̀yìn kọjá lọ sí ikùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sí gbogbo ẹyin tí o mu láti oṣù méjì. Ẹyin o, oyin o, àgbo o, kò sí èyí tó ń fara kan tán-án-ná. Bí ó bá ṣèèṣì kàn án, á pá ọ lórí ni, wàá sì wúkọ́ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ. Orógbó ń mú itọ́ sun, ọ̀fun á tù ọ́ díẹ̀, o sì rò pé ohùn ló gbà á. Ẹyin tútù lè gbé kòkòrò àrùn Salmonella wọ inú rẹ, kí o wá máa yàgbẹ́ gbuuru níbi tí o ti ń wá ohùn iyọ̀.

Omi pàápàá kì í kan tán-án-ná. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà yípo kó tó mú un rọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń mu ún láti àárọ̀, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá gbé makirofóònù lé ọ lọ́wọ́.

Ohùn tó nípọn kì í ṣe àìsàn. Wo àwọn onídùndún tí ẹ jọ ń pàdé ní ìnáwó. Ìyáàlù tóbi, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀. Gúdúgúdú kéré, tirẹ̀ ń ta létí. Èwo nínú wọn ló ń ki èèyàn ní oríkì? Bí tán-án-ná ṣe gùn tó, bó ṣe nípọn tó, ló ń pinnu ohùn, obìnrin méjì kì í sì í ní i bákan náà. Èdè wa gan-an ò béèrè ohùn tín-ín-rín. Ohùn òkè baba àgbà lè wálẹ̀ ju ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lọ, síbẹ̀ bí ó bá pe "ọkọ́", kò sẹ́ni tó máa gbọ́ "ọkọ", torí ohùn tirẹ̀ la fi ń wọn tirẹ̀.

Ti fídíò: bí a bá ń sọ̀rọ̀, egungun orí wa máa ń gbé lára ohùn náà wá sétí láti inú. Fóònù kò gba ibẹ̀, ló fi ń dà bí àjèjì sí wa. Ohùn inú fídíò yẹn ni àwọn tó ń pè ọ́ síṣẹ́ ti ń gbọ́ látijọ́. Máa gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì lálaalẹ́, kí o sì gbọ́ ọ, títí etí rẹ á fi mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí o máa fi agbára fa ohùn sókè. Kókó lè yọ lára tán-án-ná látàrí ìyẹn. Ṣe bí ẹni ń gbà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ: "ẹn-ẹ́n". Ibi tí ohùn rẹ bọ́ sí láìrò ó, ìtòsí ibẹ̀ ni kí o ti máa sọ̀rọ̀. Sọ fún ẹni tó ń tẹ dùùrù kó sọ orin kalẹ̀ fún ọ, má tijú. Kó o tó jáde nílé, fi sítírọ́ọ̀ sínú ife omi, kí o kùn sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Má ṣe bá jẹnẹrétọ̀ du ariwo.

N kò tíì wo ọ̀fun rẹ o, ohun tí o kọ ni mo ń dáhùn. Bó bá jẹ́ pé àìpẹ́ yìí ni ohùn rẹ yí padà, tàbí ó há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń bá itọ́ jáde, lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Bí o bá ń lo oògùn kankan, abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí pàápàá, sọ fún un.

Àgbo yẹn, n kò mọ ohun tí wọ́n pò sínú rẹ̀, ìwọ náà ò sì mọ̀. Dà á nù lónìí. Má fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ.