Ṣé ike lè gbé iná?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Ìbàdàn. Oníbàárà mi kan ní wọ́n ti ń fi ohun tó jọ ike ṣe tiransísítọ̀, ìyẹn suíìṣì kékeré inú ẹ̀rọ. Ṣé òótọ́ ni? Ṣebí ike la fi ń bo wáyà kí iná má baà gbé wa?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, àbúrò mi. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ṣe iṣẹ́ irú tiransísítọ̀ yìí, inú mi sì dùn pé o béèrè. Ike ara wáyà kì í gbé iná, nítorí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ohun tín-ín-tìn-ín tó ń gbé iná rìn, há síbi tí wọ́n wà. Irú ike mìíràn wà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ń ráyè rìn. Shirakawa ará Japan, pẹ̀lú MacDiarmid àti Heeger ní Amẹ́ríkà, fi èyí hàn ní 1977. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2000.

Ṣùgbọ́n ohun tí a lè tàn, tí a sì lè pa, ni tiransísítọ̀ ń fẹ́. Pentacene, èròjà kẹ́míkà kan, wà lára irú rẹ̀. Iná ń fò láti orí mólékù rẹ̀ kan sí èkejì, bí ẹni tó ń fi orí òkúta sọdá odò. Bí òkúta bá jìnnà síra, ìrìn parí. Ìṣòro pentacene ni pé kì í fẹ́ yòrò nínú ohun olómi, a ò sì lè tẹ̀ ẹ́ sórí ọ̀rá bíi yíǹkì. John Anthony ní Yunifásítì Kentucky wá so apá méjì mọ́ àárín mólékù náà. Ó yòrò, ó sì ń tò bíi bíríkì ara ògiri. TIPS-pentacene ni wọ́n ń pè é.

Òun ni mo ń lò. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé ìgò rẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé. Ó dúdú bí aṣọ aláró nígbà tí mo fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ó ti ṣá. Ìmọ́lẹ̀ àti ọ́síjìn ti jẹ ẹ́. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló bá a lọ, mo sì sunkún. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn DNTT, èròjà mìíràn fún tiransísítọ̀, tí Takimiya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Hiroshima ní 2007: wọ́n fi sọ́fọ̀ sínú òrùka rẹ̀, ó sì ń fara da atẹ́gùn dáadáa.

Má retí rẹ̀ nínú ṣíìpù fóònù o. Sílíkọ́ọ̀nù ibẹ̀ yára jù ú lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń tàn lójú fóònù OLED, ìyẹn èyí tí ojú rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹbí kan náà ni. Bí èyí tó sán bá dé ọwọ́ rẹ, tí àmì dúdú ń ràn kálẹ̀ lórí rẹ̀, atẹ́gùn àti ọ̀rinrin ló ti ráyè wọlé.