Èló Gan-an Ni Àwo Àbùlà Kan Ń Ná Mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ta àmàlà nítòsí Mọ́kọ́lá, èrò máa ń wà dáadáa láti aago mọ́kànlá títí di ìrọ̀lẹ́, àmọ́ tí mo bá ka owó lálẹ́, tí mo yọ owó ọjà ọ̀la àti owó àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́, kì í ku nǹkan gidi. Ìṣòro mi ni pé kò sí kọ́sítọ́mà méjì tó ń ra nǹkan kan náà. Ẹnì kan á ní ewédú nìkan, òmíì á ní kí gbẹ̀gẹ̀rì pọ̀, ẹlòmíì àmàlà kan ẹran mẹ́ta, ẹlòmíì àmàlà mẹ́rin tí kò sì ní ra ẹran kankan, irú wọn ló máa ń bí mi nínú jù. Ìgbakọ àmàlà kan ₦300 ni mò ń tà á, ẹran kan ₦700, ọbẹ̀ ò lówó lórí, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Báwo ni màá ṣe mọ iye tí àwo kan ń ná mi? — *Alámàlà, Mọ́kọ́lá*

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ajé á wá. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí owó yín ń gbà jáde: ọbẹ̀ tẹ́ ẹ ní kò lówó lórí yẹn ni. Kò lówó lórí lójú ẹni tó ń jẹ ẹ́, àmọ́ ẹni tó lọ ra ẹ̀wà àti epo ní Bódìjà mọ̀ pé owó ńlá ni. Ẹ má sì yọ ara yín lẹ́nu pé ẹ fẹ́ ṣírò àwo, àwo ò lóǹkà. Ṣíbí ni kẹ́ ẹ ṣírò. Ìkòkò tẹ́ ẹ gbé kaná ò ju márùn-ún mẹ́fà lọ, bó ti wù kí wọ́n lú u pọ̀, inú ìkòkò wọ̀nyẹn náà ló ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ ká mú gbẹ̀gẹ̀rì. Owó àpẹẹrẹ ni màá lò o, ẹ fi tiyín rọ́pò ẹ̀, torí owó Bódìjà tàná kọ́ ni tòní. Ká ní ẹ̀wà kóńgò kan ₦3,000, epo ₦1,200, ata àti iyọ̀ àti magí ₦600, gáàsì ₦700, gbogbo ẹ̀ ₦5,500. Ẹ wá ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀, ẹ fi ṣíbí kan ṣoṣo bù ú láti òkè dé ìdí ìkòkò kẹ́ ẹ máa kà á. Ká ní ṣíbí 55 lẹ rí, ẹ máa fẹ́ sọ pé ₦100 ni ṣíbí kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ni ò mọ ará Ìbàdàn pẹ̀lú ènì? Àmàlà ò tíì dé ìdajì, ọbẹ̀ á ti tán, wọ́n á ní "Ìyá, ẹ bá mi fi díẹ̀ sí i", tẹ́ ò bá sì bù ú, lọ́la wọ́n á gba iwájú yín kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò ńkọ́, èyí táwọn ọmọ yín jẹ ńkọ́? Tó bá jẹ́ 50 ló di owó nínú 55 yẹn, 50 ni kẹ́ ẹ fi pín in, ṣíbí kan di ₦110. Mi ò ní kẹ́ ẹ má fún wọn lénì o, ẹ fún wọn, àmọ́ kí owó ẹ̀ ti wà nínú ìṣírò.

Ìṣírò yìí ò lè dúró tí ọmọ kan bá ń fi ṣíbí ńlá bù ú tí èkejì ń fi kékeré bù ú. Ẹ lọ Dùgbẹ̀, ẹ ra ṣíbí tó dọ́gba fún gbogbo ìkòkò, ẹ kó àwọn tó kù pamọ́.

Ká ní ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn, ṣíbí ewédú bọ́ sí ₦60, ọbẹ̀ ata ₦150, ìgbakọ àmàlà ₦90. Ẹni tó ní òun fẹ́ àbùlà gba ṣíbí kọ̀ọ̀kan, ₦320 nìyẹn. Ẹni tí ò fẹ́ gbẹ̀gẹ̀rì, ewédú méjì lẹ máa bù fún un pẹ̀lú ata, ₦270. Ẹni tí ò fẹ́ ewédú, gbẹ̀gẹ̀rì méjì, ₦370. Ẹ lè ní èwo wá ni kí n mú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan máa fa ìlà sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan, kó máa sàmì sí ohun tí kálukú ń bèèrè. Ká ní nínú àwo 100, àbùlà jẹ́ 60, eléwédú 25, onígbẹ̀gẹ̀rì 15. Ẹ sọ 320 di ìlọ́po 60, 270 ìlọ́po 25, 370 ìlọ́po 15, ẹ ro wọ́n pọ̀, ó jẹ́ ₦31,500. Ẹ fi 100 pín in, ọbẹ̀ àwo kan ń ná yín ní ₦315, bó ti wù kí ẹni yẹn bèèrè ẹ̀. Ẹ fi ₦30 kún un fún náílọ́ọ̀nù àti ọṣẹ àti omi, ó di ₦345.

Ẹran ló máa ń tan èèyàn jẹ jù. Tó bá jẹ́ tútù lẹ ti ń gé e, kò le, ẹ ka iye ègé kẹ́ ẹ fi pín owó ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó máa ń jinná kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ má fi ìwọ̀n tútù ṣe ìṣírò láéláé, torí ẹran màlúù máa ń súnkì lórí iná, ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ẹ̀ ló sábà máa ń lọ. Ká ní kílò 10 lẹ rà ní ₦70,000, ó jinná tán ó ku kílò 7, ẹ gé e ní gíráàmù 50, ègé 140 nìyẹn, kì í ṣe 200. Ẹ fi epo àti èròjà ₦3,500 kún owó ẹran, ẹ fi 140 pín in, ègé kan ₦525. Ẹni tó fi 200 pín ₦70,000 á rò pé ₦350 ni, á wá máa tà á ní ₦700, á ní òun ń jèrè ìlọ́po méjì. Ṣàkì ní ìṣírò tiẹ̀ lọ́tọ̀, torí ó súnkì ju ẹran lọ, pọ̀nmọ́ gbígbẹ ní tiẹ̀ á wú nínú omi.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo àwọn kọ́sítọ́mà yín. Àmàlà méjì ẹran kan ń ná yín ní ₦1,050, ẹ sì ń tà á ní ₦1,300. ₦250 tó kù yẹn ló máa san owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọmọ, owó iná. Ẹni tó ra àmàlà kan péré láìra ẹran ń ná yín ní ₦435, ₦300 ló san, ẹ fi ₦135 tiyín bọ́ ọ. Ẹni tó jẹ àmàlà kan ẹran mẹ́ta, tẹ́ ẹ máa ń sáré dá lóhùn, fi ₦390 sílẹ̀. Ẹni tó ń bí yín nínú ńkọ́, alámàlà mẹ́rin tí ò ra ẹran? Ó ń ná yín ní ₦705, ó san ₦1,200, ₦495 ló kù! Àyàfi tó bá ní kẹ́ ẹ tún odindi ọbẹ̀ bù lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà yẹn ó di ₦180, kò sì burú náà. Ẹ rọra máa kí i o.

Èmi tó bá jẹ́ pé èmi ni, mi ò ní kọ owó sórí ọbẹ̀, ìjà ni yóò fà. Ìgbakọ àkọ́kọ́ ni mo máa gbé owó ọbẹ̀ lé: àmàlà kan ₦600, méjì ₦800, lẹ́yìn ìyẹn ₦250 ₦250. Ẹran ₦900. Àmàlà méjì ẹran kan á wá di ₦1,700, owó oúnjẹ inú ẹ̀ jẹ́ bíi 62 nínú ọgọ́rùn-ún, tó jẹ́ 81 tẹ́lẹ̀. Àwọn ilé oúnjẹ ńlá máa ń fẹ́ kó wà láàárín 30 sí 35, ṣùgbọ́n bùkà ò lè ta irú owó yẹn, èrò la fi ń jẹun.

Ìbéèrè: Mò ń ta shawarma nítòsí géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn stúdẹ́ńtì á ní kí n yọ kábéèjì, kí n wá dín owó kù. Ṣé kí n dín in kù?

Ìdáhùn: Ẹ má dín kọ́bọ̀. Kábéèjì inú shawarma kan ò tó nǹkan, iṣẹ́ ọwọ́ yín àti gáàsì ò sì dín kù torí pé wọ́n yọ ọ́. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi nǹkan mìíì rọ́pò ẹ̀, ìyẹn yàtọ̀: kí wọ́n fi kárọ́ọ̀tì rọ́pò kábéèjì, ó dáa, àmọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣíkìn rọ́pò sọ́séèjì, kí wọ́n san ìyàtọ̀ owó ẹ̀. Sọ́séèjì kejì ní owó tiẹ̀ lórí pátákó, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà kí wọ́n má bàa máa ná an.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló yẹ kéèyàn máa tún ìṣírò oúnjẹ ṣe? — *Olónjẹ, Challenge*

Ìdáhùn: Kì í ṣe ojoojúmọ́, ẹ máa wo ìkòkò tí ọjà ẹ̀ wọ́n nìkan. Ata àti tòmátì ló máa ń yí jù. Lọ́dún 2016, kòkòrò Tuta absoluta tí wọ́n ń pè ní Tomato Ebola ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pàjáwìrì, ẹni tó ń fi owó oṣù tó kọjá ta ọbẹ̀ nígbà yẹn mọ ohun tójú ẹ̀ rí. Èlùbọ́ náà, láti Òkè-Ògùn ló ti ń wá, látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù ní May 2023 sì ni owó mọ́tò ti wà lára ẹ̀ gidi. Àmọ́ ẹ má torí gbogbo nǹkan sá kiri: tí ẹ̀wà gbẹ̀gẹ̀rì tá a ṣírò lókè yẹn bá lọ láti ₦3,000 sí ₦3,600, ṣíbí gbẹ̀gẹ̀rì kàn kúrò ní ₦110 bọ́ sí ₦122 ni, ẹ fara mọ́ ọn. Ìgbà tí iye tí àwo kan ń ná yín bá fi ohun tó ju ₦50 lé sí i ni kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nu pátákó owó.