Èsì: Ṣé ooru á mú koríko orí òkè dára sí i?

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín dùn mọ́ mi. Ẹ ní bí ayé ṣe ń móoru yìí, ṣebí ó yẹ kí koríko orí òkè tí òtútù ń pa máa yọ̀ ni. Ó jọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí òjò àkọ́rọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Lọ́dún tó kọjá, òjò kan ṣoṣo rọ̀ lóṣù kẹta, mo sáré gbin àgbàdo. Ó hù, ó yọ ewé mẹ́ta, ni oòrùn bá mú un fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ewé ká jọ bíi sìgá. Owó irúgbìn wọlẹ̀ nìyẹn.

Bó ṣe ń ṣe ewéko orí òkè náà nìyẹn, òtútù ló kàn rọ́pò oòrùn tiwa. Kúbùsù ni yìnyín, ìyẹn òjò dídì tó bo ilẹ̀ lórí òkè ilẹ̀ olótùútù, jẹ́ fún wọn: abẹ́ rẹ̀ kì í tutù tó ìta. Bí ooru bá tètè yọ́ ọ, ewéko á jí, á rúdi, òtútù òru kan ṣoṣo á sì pa ìrudi náà. Àwọn onímọ̀ rí i bẹ́ẹ̀ ní Gothic, ní Colorado, l'Amẹ́ríkà, lára òdòdó pupa rúsúrúsú kan tó jọ jogbo. Ní 1991 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlẹ̀gbóná kọ́ sókè pápá kan níbẹ̀: igi kéékèèké ló pọ̀ sí i, ewéko olódòdó sì dín kù.

Omi yìnyín yẹn náà ni ewéko ń mu. Tó bá tètè ṣàn lọ, ilẹ̀ á gbẹ kí òjò tó dé. Ibi tí yìnyín máa ń pẹ́ jù lórí ilẹ̀, ooru lè ran ewéko ibẹ̀ lọ́wọ́ o, mi ò jiyàn ìyẹn.