Ẹ Bi Bàbá Onírélùwéè: Fèrè Wo Ló Ké ní Tobyhanna?

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. À ń bọ̀ láti ibi ìkómọ kan ní Scranton, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, lọ́sẹ̀ tó kọjá ni rélùwéè ẹlẹ́rù kan bá dá wa dúró ní Tobyhanna. Ẹ́ńjìnnì iwájú ń tú èéfín dúdú, fèrè rẹ̀ kò sì jọ ti èyí tó ń kọjá lẹ́yìn ilé wa rárá. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó fà, ó sì dùn. Látìgbà náà ni àwọn ìbejì mi ò ti jẹ́ kí n sinmi, àfi ká padà lọ gbọ́ ọ. Bàbá wọn ní kí la fẹ́ lọ wò lára ọkọ̀ ẹrù? Ẹ jọ̀ọ́, irú fèrè wo ni, báwo la sì ṣe lè tún bá a pàdé? — *Ìyá Ìbejì, Allentown*

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Rélùwéè Delaware-Lackawanna lẹ pàdé. Láti 1993 ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lágbègbè Scranton, ẹ́ńjìnnì Alco ni wọ́n sì gbójú lé. Schenectady ní ìpínlẹ̀ New York ni iléeṣẹ́ Alco wà nígbà ayé rẹ̀. Ní 1969 ni wọ́n dáwọ́ ẹ́ńjìnnì rélùwéè ṣíṣe dúró, tí àwọn ará Montreal ní Canada sì ń bá irú iṣẹ́ náà lọ fúngbà díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ́ńjìnnì tó dí yín lọ́nà ju Bàbá Ìbejì lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ iṣẹ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀: òun ló ń kó àlìkámà lọ sí ilé ìlọ̀yẹ̀fun ní Pocono Summit. Ẹ bi ọkọ yín bóyá kì í jẹ búrẹ́dì.

Ti èéfín yẹn, kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì fẹ́ kú. Bí dírẹ́bà bá fún un lépo sí i, epo á ti wọlé kí tọ́bò tó ń fẹ́ atẹ́gùn tó yí dójú ìwọ̀n. Epo tí kò rí atẹ́gùn tó ló ń di dúdú. Bó bá ṣe díẹ̀, ó máa ń là.

Ó wá ku fèrè. Tírélà ni mo wà jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ìtàn yìí kàn mí. Nígbà tí dísẹ̀lì kọ́kọ́ gba ipò lọ́wọ́ rélùwéè eléedú, fèrè olóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n gbé lé e lórí. Ẹni tó ń wa mọ́tò bọ̀ níbi tí títì ti dábùú irin á gbọ́ ọ, á rò pé tírélà ni, kò sì ní dúró. Robert Swanson, ọmọ Canada kan ní British Columbia, ló wá ṣe fèrè olóhùn púpọ̀, kí ohùn wọn lè para pọ̀ bíi ti rélùwéè eléedú àtijọ́. (Òun náà ló ṣe àwọn fèrè ńlá tó ń fọn ìbẹ̀rẹ̀ orin orílẹ̀-èdè Canada ní Vancouver lọ́sàn-án ojoojúmọ́.) Iléeṣẹ́ Nathan gba àṣẹ, wọ́n ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. M5, ẹlẹ́nu márùn-ún, ni ọba wọn lójú tèmi. Irú mìíràn, P5, dé lẹ́yìn rẹ̀. K5LA, irú mìíràn, ni ẹ ń gbọ́ lórí Amtrak, rélùwéè akérò. Kò burú, ṣùgbọ́n ó ti pọ̀ jù, mi ò lè torí rẹ̀ dìde lórí àga. Bí ohùn tẹ́ ẹ gbọ́ bá nípọn tó bẹ́ẹ̀, M5 ni mo fura sí.

Ọwọ́ dírẹ́bà tún wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ọ̀pá kékeré tàbí okùn ni wọ́n fi ń ṣí atẹ́gùn sínú fèrè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á rọra ṣí i, ohùn kan á ṣáájú, àwọn yòókù á tẹ̀lé e, á sì máa dárà sí i bí onígángan ṣe ń fún ọ̀sán. Bọ́tìnì ló wà nínú àwọn tuntun: o tẹ̀ ẹ́, ó ké, o fi í sílẹ̀, ó dákẹ́.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2005 ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọn ọ́n ní ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 20 kí wọ́n tó dé ojú títì: gígùn méjì, kúkúrú kan, gígùn kan. Bó ṣe ké sókè tó ni wọ́n ń wò, 96 sí 110 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, wọn ò béèrè irú fèrè tó jẹ́. Ohun tó jẹ́ kí M5 ṣì rí àyè nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lé rélùwéè kì í rò. Fèrè ẹ́ńjìnnì iwájú nìkan lẹ máa gbọ́. Wọ́n lè so ẹ́ńjìnnì mẹ́ta pọ̀, kí M5 wà lórí ti àárín, ẹ ò ní gbọ́ ìṣín lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà, Scranton ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ lọ wò ó, nítòsí Steamtown, mùsíọ́mù rélùwéè eléedú, kẹ́ ẹ mọ ẹ́ńjìnnì tó ṣíwájú. Tó bá ń padà bọ̀, òmíràn lè wà níwájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ má sáré tẹ̀lé e o. Ẹ lọ dè é. Òkè ló ń gùn láti Scranton, ẹrù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó rọra ń wakọ̀ lórí títì márosẹ̀ I-380 á ti dé Tobyhanna tipẹ́. Ẹ páàkì síbi tí wọ́n gbà yín láyè, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ pa rédíò, kẹ́ ẹ sì fún àwọn ìbejì ní nǹkan jẹ kí ẹnu wọn lè dákẹ́. Èyí tó ti ọ̀nà jíjìn wá láàárín òkè dùn ju èyí tó ké sí yín létí lọ. Ẹ má tẹ ojú irin. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni, ọlọ́pàá rélùwéè kì í sì í ṣàwàdà.

Bàbá Ìbejì ni kó wakọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá fi fóònù gba ohùn fèrè, ṣe ló máa ń fọ́. Kí ni kí n ṣe? — *Ọmọ Ìjẹ̀bú, Baltimore*

Ìdáhùn: O sún mọ́ ọn jù. Bọ́ sẹ́yìn dáadáa, fi nǹkan rírọ̀ bo ojú máìkì nítorí afẹ́fẹ́, kí o sì pa ẹnu mọ́. Fídíò tó dáa lẹ máa ń fi “Ẹ wò ó! Ẹ wò ó!” bà jẹ́.

Ìbéèrè: Mo rí fèrè iléeṣẹ́ Leslie ẹlẹ́nu márùn-ún kan níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù rélùwéè àlòkù. Ṣé kí n rà á? — *Ẹni tí kò fẹ́ kí ìyàwó òun mọ̀, Bronx*

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní S-5T, ra á kí ẹlòmíràn tó rà á. Ṣùgbọ́n o máa nílò kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ju ti fọkánáísà lọ kó tó lè dún, má sì gbé e sórí Toyota rẹ. Ti ìyàwó yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o máa fọn ọ́n ní Bronx. Á mọ̀. Ìyàwó gbogbo àdúgbò á mọ̀.