Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìpolówó Tó Ń Já Wọ Inú Fídíò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Aránṣọ ni mí ní Sábó, ní Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín. Orí YouTube ni èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti ń kọ́ àrà tuntun tí àwọn oníbàárà ń béèrè, ṣùgbọ́n ìpolówó kì í jẹ́ kí a fọkàn sí i. Bí ẹni tó ń kọ́ wa bá ti ń fi ṣọ́ọ̀kì wọn ibi tí a ó ti gé ọrùn bùbá, ìpolówó tẹ́tẹ́ á já wọ inú rẹ̀, ojú àwọn ọmọ á sì kúrò lára iṣẹ́. Ọmọ àbúrò mi sọ pé wọ́n fi áàpù kan ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp tó lè dí gbogbo ìpolówó lọ́nà, pé kí n jẹ́ kí òun gbé e sórí fóònù mi. Ṣé kí n gbà? Ṣé kò ní kó mi sí wàhálà? – Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ìbejì, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gba áàpù yẹn sórí fóònù yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fóònù tí ẹ fi ń wo fídíò náà ni ẹ fi ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, tí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́ sì ń bọ́ sí. Ètò tó bá máa yọ ìpolówó kúrò lójú ìwé gbọ́dọ̀ lè rí gbogbo ojú ìwé tí ẹ bá ṣí. Ẹni tí a fún ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá inú ilé ni, a kì í sì í fún ẹni tí a kò mọ̀ ní irú rẹ̀. Kódà ibi tó yẹ kó ní ààbò kò mọ́ tán: ní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ AdGuard, tí òun náà ń ṣe adènà-ìpolówó, tú àṣírí àwọn ayédèrú adènà-ìpolówó kan tó wà nínú ìsọ̀ Chrome, bráúsà Google, fúnra rẹ̀, tí ó lé ní mílíọ̀nù 20 ènìyàn tó ti gbà wọ́n sórí ẹ̀rọ wọn kí Google tó kó wọn kúrò. Ewu inú ayédèrú adènà, lójú tèmi, ju ìyọnu ìpolówó fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì.

Ní ti wàhálà tí ẹ ń bẹ̀rù, ọ̀rọ̀ àdéhùn láàárín yín àti YouTube ni. Ilé-iṣẹ́ náà sọ ọ́ gbangba pé adènà-ìpolówó lòdì sí àdéhùn ìlò òun, láti ọdún 2023 ni ó sì ti túbọ̀ ń le mọ́ àwọn tó ń lò ó, tó fi jẹ́ pé fídíò lè kọ̀ láti ṣí títí ẹ ó fi pa adènà náà. Ní Jámánì, àwọn oníwèé ìròyìn gbé àwọn tó ṣe adènà-ìpolówó kan tó ń jẹ́ Adblock Plus lọ sí ilé-ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì dé ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ wọn tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, tó dájọ́ ní 2018 pé wọn kò rú òfin ìdíje òwò.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lò ó, ẹ mọ̀ pé irú adènà tó ṣeé fọkàn tán kì í ṣiṣẹ́ nínú áàpù YouTube. Inú bráúsà, ìyẹn áàpù tí a fi ń ṣí ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ti ń ṣiṣẹ́. Àkọsílẹ̀ àdírẹ́sì tí ìpolówó ti ń wá ló ní lọ́wọ́. Bí ojú ìwé bá fẹ́ pè wọ́n, yóò kọ̀, ìpolówó náà kò sì ní wọlé rárá, ìyẹn ni kò fi ní jẹ dátà yín. Lórí fóònù Android, ẹ gba bráúsà Firefox láti inú Play Store, kí ẹ fi adènà tó ń jẹ́ uBlock Origin kún un láti inú Firefox náà, kí ẹ wá máa ṣí YouTube níbẹ̀ dípò áàpù. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: Raymond Hill ló ṣe uBlock Origin, èyí tó ń jẹ́ uBlock lásán kì í ṣe tirẹ̀. Bráúsà Brave ní adènà tirẹ̀ nínú tẹ́lẹ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ lọ yí DNS, ìyẹn ètò tó ń bá fóònù wá àdírẹ́sì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, padà nínú ètò fóònù. Ó wúlò fún ìpolówó inú géèmù àti ojú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ibi tí YouTube ti ń fi fídíò ránṣẹ́ náà ló ti ń fi ìpolówó ránṣẹ́, nítorí náà kò ràn án.

Nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́, ẹ wọ inú àkáǹtì Google yín, kí ẹ wá My Ad Center, kí ẹ sì sọ níbẹ̀ pé ẹ fẹ́ kí ìpolówó tẹ́tẹ́ àti ọtí dínkù. Kò ní tán pátápátá, ṣùgbọ́n yóò dínkù. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú fídíò wọ̀nyí ni owó iṣẹ́ yín ti ń wá, èmi yóò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ san owó YouTube Premium lóṣooṣù: ìpolówó YouTube kò ní wọlé mọ́, ẹ ó sì lè gba fídíò pamọ́, kí ẹ máa wò ó ní àwòtúnwò láìná dátà.

ÌBÉÈRÈ: Eré apanilẹ́rìn-ín lédè Yorùbá ni mo máa ń gbé sórí YouTube, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí owó díẹ̀ níbẹ̀ ni. Bí gbogbo ènìyàn bá ń dí ìpolówó lọ́nà, kí ni àwa ó jẹ? – Ọ̀dọ́ òṣèré, Modákẹ́kẹ́.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ lẹ sọ, ó sì dùn mí. Nínú owó ìpolówó tó bá wọlé lórí fídíò gígùn, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ẹni tó ni fídíò. Ẹni tó bá dí ìpolówó lọ́nà kò mú kọ́bọ̀ wá fún un. Mo mọ làálàá tí ẹ ṣe kí ẹ tó ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀, àti 4,000 wákàtí tí a wò láàárín ọdún kan, tí YouTube ń béèrè kí ó tó pín owó ìpolówó fún ẹni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wò yín náà ń fi dátà tó fi owó ara rẹ̀ rà wo ìpolówó, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, sì fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láàyè ní oṣù kìn-ín-ní 2025 láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. N kò lè dá a lẹ́bi. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ̀yin òǹkàwé ni pé kí ẹ pa adènà yín nígbà tí ẹ bá ń wo iṣẹ́ àwọn ọmọ wa. Bọ́tìnì kan péré ni.

Ẹ̀yin náà ní tiyín láti ṣe. Fídíò tó bá ti tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ lè ní ìpolówó láàárín, ẹ̀yin tí ẹ ni ín sì lè yan ibi tí yóò ti wọlé dípò kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ẹ gbé e sí ibi tí ìran kan ti parí, kó má baà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òṣèré, nítorí pé irú èyí ni Ìyá Ìbejì ń ráhùn lé lórí.