Ọkùnrin méjì, ọ̀daràn kan: kí ló dé tí wọn ò sá?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ ìtàn kan tí mo fẹ́ fi ṣe fíìmù. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ń wa mọ́tò lọ láti Ìṣẹ́yìn sí Ṣakí nírọ̀lẹ́. Wọ́n rí ọkùnrin kan tó nawọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, àánú ṣe wọ́n, wọ́n gbé e. Kò pẹ́ tó fi yọ ìbọn, láti ibẹ̀ lọ ohun tó bá ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ń ṣe. Gbogbo ẹni tí mo fún kà ló bi mí ní ìbéèrè kan náà: àwọn méjì ni wọ́n, ọ̀kan ṣoṣo ni ọ̀daràn, kí ló dé tí wọn ò sá, tàbí kí wọ́n dì í mú? Mo ti fi ìbọn kejì kún un, mo tún ní kó fi okùn dè wọ́n, síbẹ̀ ẹ̀rù kò ba ẹnikẹ́ni. Owó ọwọ́ mi kò sì pọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, yọ ìbọn kejì yẹn kúrò. Yọ okùn náà pẹ̀lú. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ọ́ kò kan ohun ìjà rárá. Wọn ò tíì rí ohun tó so àwọn méjèèjì mọ́ inú mọ́tò yẹn ni. Ìbọn lè dá èèyàn dúró fún wákàtí kan. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹni tó gbé ìbọn dání á fẹ́ jẹun, á fẹ́ tọ̀, oorun á sì kùn ún. Ìgbà yẹn ni òǹwòran máa ń bèèrè pé kí ló dé tí wọn ò sá, o sì gbọ́dọ̀ ti ní ìdáhùn sílẹ̀ kó tó bèèrè.

Fíìmù kan wà tí mo máa ń ní kí gbogbo ẹni tó bá gbé irú ìtàn yìí wá fún mi lọ wò: The Hitch-Hiker, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1953. Ìṣẹ́jú 71 péré ni, dúdú àti funfun. Ida Lupino ló darí rẹ̀. London ni wọ́n ti bí i, òṣèré tó lórúkọ ní Hollywood ni, ó sì bọ́ sẹ́yìn kámẹ́rà nígbà tó jẹ́ pé agbára káká lèèyàn fi ń rí obìnrin kan tó ń darí fíìmù níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì, Collins àti Bowen, fi ilé sílẹ̀ láti lọ pẹja. Wọ́n yà sí ibi tí wọn ò sọ fún àwọn ìyàwó wọn, wọ́n gbé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Myers lójú ọ̀nà, ọkùnrin náà sì fi ìbọn lé wọn la aṣálẹ̀ Mẹ́síkò kọjá. Ìtàn tìrẹ gan-an nìyẹn, àfi pé aṣálẹ̀ ló wà níbi tí igbó Òkè-Ògùn wà.

Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ kó tó di fíìmù. Láàárín ìparí 1950 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1951, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Billy Cook pa èèyàn mẹ́fà. Ìdílé kan ni márùn-ún nínú wọn, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, tí wọ́n ṣàánú rẹ̀ tí wọ́n gbé e sínú mọ́tò wọn. Lẹ́yìn náà ló mú ọkùnrin méjì nígbèkùn wọ Mẹ́síkò, kí àwọn ọlọ́pàá tó mú un ní ìlú Santa Rosalía. Wọ́n pa á nínú ẹ̀wọ̀n San Quentin ní California ní oṣù Kejìlá 1952. Lupino kò fi ikú ìdílé yẹn sínú fíìmù rẹ̀. Èrò tèmi ni pé fíìmù náà lágbára sí i nítorí ẹ̀, torí òǹwòran tó bá ti rí òkú ọmọdé kò ní lè fọkàn sí ohun mìíràn mọ́.

Ní báyìí, ìbéèrè rẹ. Kí ló dé tí Collins àti Bowen ò sá? Myers fúnra rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ sí wọn létí. Ohun tó sọ ni pé, ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn dá wà ni, ì bá ti ríbi sá lọ, àmọ́ ọ̀kan ń ro ti èkejì, ni àǹfààní ṣe ń kọjá lójú wọn. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn nígbà àkọ́kọ́, mo dá fíìmù náà dúró, mo tún un gbọ́. Okùn tí ò ń wá nìyẹn. Ọ̀rẹ́ wọn ló dè wọ́n. Bí Collins bá fò jáde, Bowen ni ìbọn máa dojú kọ. Nígbà tí Collins sì ti fẹsẹ̀ pa, Bowen lè sá, ṣùgbọ́n ta ló máa fi sílẹ̀?

Ìwọ tilẹ̀ ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, èyí tó lágbára ju ọ̀rẹ́ lọ, o kò sì lò ó. Nínú ohun tí o fi ránṣẹ́, n kò rí ibì kan tí ẹ̀gbọ́n ti ní àǹfààní láti sá, tó sì wo ojú àbúrò rẹ̀, tó padà jókòó. Kọ ìran yẹn. Jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, kí ọ̀daràn wà lọ́ọ̀ọ́kán tó ń tọ̀, kí ẹ̀gbọ́n wà nídìí ọkọ̀, kí àbúrò sì wà níta lẹ́bàá ọ̀daràn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìran yẹn, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní ìbéèrè yẹn mọ́.

Ohun kejì ni oorun, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n Lupino ti wù mí jù. Ìpéǹpéjú ọ̀tún Billy Cook kò dára. Lupino mú ìyẹn lò: ojú ọ̀tún Myers kì í pa dé. Bó sùn, bó jí, ojú kan là sílẹ̀ tó ń wò wọ́n. Ó sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀, pé wọn ò ní mọ ìgbà tí òun bá sùn. Wò ó bí nǹkan kékeré yẹn ṣe ṣiṣẹ́. Òru tó yẹ kó jẹ́ ìtura fún wọn ló wá di ibi tí ẹ̀rù pọ̀ sí jù. Kámẹ́rà dúró lórí ojú yẹn, àwa náà ń wò ó, a ń gbìyànjú láti mọ̀ bóyá ó ti sùn. Kò ná wọn ní owó kankan. Má jí ojú yẹn o. Ronú nípa ọkùnrin tìrẹ, kí o wá ohun kan lára rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí wọ́n mọ ìgbà tó ń ṣọ́ wọn àti ìgbà tí kò ṣọ́ wọn. Ó lè jẹ́ ikọ́ kan tó máa ń wú. Ó lè jẹ́ orin tó máa ń kùn lẹ́nu, tó ń dáwọ́ dúró nígbà mìíràn láìnídìí.

Ní ti ibi ìjókòó: ìwọ fi ọ̀daràn síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Gbé e sẹ́yìn. Nígbà tí Myers wọlé, inú òkùnkùn ìjókòó ẹ̀yìn ló wà, a kò rí ojú rẹ̀. Ìbọn la kọ́kọ́ rí, kó tó na ọrùn síwájú bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀. Bó bá wà lẹ́yìn, a máa rí ojú mẹ́ta pọ̀ nínú àwòrán kan ṣoṣo, àwọn méjì tó wà níwájú kò sì ní rí ohun tí àwa ń rí. Kámẹ́rà kan tí o gbé sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì máa ṣe iṣẹ́ yẹn fún ọ, ojú kọ̀ọ̀kan nínú dígí awakọ̀ á sì di ọ̀rọ̀. Èmi tí mo ń gé fíìmù ń bẹ̀ ọ́: ya ojú ẹni tó ń gbọ́rọ̀ pẹ́ ju ojú ẹni tó ń sọ ọ́ lọ. Mi ò rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ gé tó rí nínú àwọn fíìmù tí wọ́n ń gbé wá.

Má gbàgbé fóònù. Myers máa ń fi rédíò mọ́tò gbọ́ ibi tí àwọn tó ń wá a dé. Àwọn tìrẹ ní fóònù, bí o bá kàn ní kó gbà á kó jù ú nù, o ti sọ ohun rere nù. Jẹ́ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n pè, kí ọ̀daràn ní kó gbé e, kó dá a lóhùn bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ó yẹ kí ọ̀daràn náà bẹ̀rù pẹ̀lú. Myers kò gbọ́ èdè Sípáníìṣì, Bowen sì gbọ́ ọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dúró níwájú ará Mẹ́síkò kan ni àyà rẹ̀ ń já, torí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. O ní Ònkò, ẹ̀ka èdè Òkè-Ògùn, lọ́wọ́! Bí ọ̀daràn bá wá láti ibi tí wọn kì í ti í sọ ọ́, jẹ́ kí ìyá tó ń ta àmàlà lójú ọ̀nà kí àwọn ọmọ yẹn ní Ònkò, kí wọ́n sì dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ ìkíni lásán ni. Ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì lọ sábẹ́ aṣọ.

Bí ìwọ bá tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n sá, ó ṣeé ṣe. Nínú The Hitcher ti 1986, tí Robert Harmon darí, ọ̀dọ́kùnrin tó ń wakọ̀ ti ọkùnrin tí Rutger Hauer ṣe jáde kúrò nínú mọ́tò ní ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀. Wàhálà dé lẹ́yìn ìyẹn, torí ibi gbogbo tó bá yà sí ni ọkùnrin náà ti ń yọ sí i, àwọn ọlọ́pàá sì rò pé ọ̀dọ́kùnrin yẹn gan-an ni apànìyàn. Àmọ́ ọ̀nà yẹn ń jẹ owó, nítorí o máa nílò ọkọ̀ ọlọ́pàá àti ìjàǹbá mọ́tò. Mọ́tò kan àti èèyàn mẹ́ta ni agbára rẹ ká. Lupino ni kí o tẹ̀ lé.

Ìran tí ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ yẹn ni kí o kọ́kọ́ kọ, ojú ìwé méjì, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún àwọn tó bi ọ́ ní ìbéèrè náà, kí o sì jókòó tì wọ́n bí wọ́n ṣe ń kà á. Lẹ́yìn náà fi ránṣẹ́ sí mi.