Òkú Tí Ebi Ń Pa Nínú Ẹ̀sìn Híńdù àti Ẹ̀sìn Búdà: A Dáhùn Ìbéèrè Yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo rí àwòrán àtijọ́ kan tí wọ́n yà ní ilẹ̀ Jàpáànù, tí àwọn ẹ̀dá kan wà nínú rẹ̀ tí ikùn wọn wú, tí apá àti ẹsẹ̀ wọn sì rù kan egungun. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òkú tí ebi ń pa ni wọ́n. Ẹnìkan tún sọ fún mi pé àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù náà mọ irú òkú bẹ́ẹ̀. Ṣé ohun kan náà ni ẹ̀sìn méjèèjì ń sọ? Kí sì ni àwọn òkú wọ̀nyí ṣe tí ebi fi di tiwọn?

ÌDÁHÙN: Orúkọ kan náà ni ẹ̀sìn méjèèjì fi ń pè wọ́n, nítorí pé ilẹ̀ Íńdíà ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀. Preta ni wọ́n ń jẹ́ ní èdè Sanskrit, peta ni ní èdè Pali tí wọ́n fi kọ ìwé mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti Sri Lanka àti Thailand, gaki sì ni àwọn ará Jàpáànù ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè ohun tí ó fa ebi náà, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín. Lójú ẹlẹ́sìn Híńdù, ebi ń pa òkú nítorí pé kò tíì dé ibi tí ó ń lọ, ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ni ìyókù iṣẹ́ sì wà. Lójú ẹlẹ́sìn Búdà, ìwà tí òkú náà fúnra rẹ̀ hù nígbà ayé rẹ̀ ló ń jẹ èrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti Híńdù ṣíwájú. Nínú ẹ̀sìn yìí, kì í ṣe ènìyàn burúkú nìkan ló ń di preta; ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tí ó bá kú ni yóò gba ipò náà kọjá. Nígbà tí iná bá ti jó òkú tán, ẹ̀mí rẹ̀ wà láìní ara, kò sí láàárín àwọn alààyè mọ́, kò sì tíì sí láàárín àwọn baba ńlá. Ara tuntun ni wọ́n gbọ́dọ̀ mọ fún un, oúnjẹ ni wọ́n sì fi ń mọ ọ́n. Fún ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ikú náà, ẹni tí ń ṣe ètùtù, tí ó sábà máa ń jẹ́ àkọ́bí ọkùnrin, yóò máa fi ìrẹsì tàbí ìyẹ̀fun báálì tí wọ́n pò mọ́ yánmọtí mọ ìṣù roboto tí wọ́n ń pè ní pinda. Ìwé Garuda Purana, tí wọ́n máa ń kà nílé olóòkú ní ọjọ́ ọ̀fọ̀, ṣàlàyé iṣẹ́ tí ìṣù kọ̀ọ̀kan ń ṣe: ti ọjọ́ kìíní di orí, ti ọjọ́ kejì di ọrùn àti èjìká, bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe ń pọ̀ sí i títí tí yóò fi kan ẹsẹ̀. Ti ọjọ́ kẹwàá ló yà mí lẹ́nu jù lọ, nítorí pé ọjọ́ náà ni ebi àti òùngbẹ wọ inú ara tuntun yìí. Bí a bá wò ó dáadáa, ebi yìí kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rárá ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ó fi hàn ni pé ara òkú náà ti pé.

Lẹ́yìn èyí ni ètùtù tí wọ́n ń pè ní sapindikarana. Láyé àtijọ́, ọdún kan gbáko ni wọ́n ń dúró kí wọ́n tó ṣe é, ṣùgbọ́n ọjọ́ kejìlá ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń ṣe é lóde òní. Wọn yóò pín ìṣù tí ó dúró fún òkú náà sí mẹ́ta, wọn yóò sì po ìdá kọ̀ọ̀kan mọ́ ìṣù mẹ́ta mìíràn tí ó dúró fún bàbá rẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀, àti bàbá tí ó bí bàbá bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pò ó tán, òkú náà kì í ṣe preta mọ́. Ó ti bọ́ sáàárín àwọn baba ńlá, tí wọ́n ń pè ní pitr. Ẹni tí kò ní ẹbí tí yóò ṣe èyí fún un, tàbí ẹni tí ó kú ikú àìtọ́jọ́, ni wọ́n ń bẹ̀rù pé ó lè há sójú ọ̀nà. Torí irú wọn ni àwọn arìnrìn-àjò ìsìn ṣe ń gun òkè Pretashila ní ìlú Gaya, ní ìpínlẹ̀ Bihar, láti lọ fi ìṣù oúnjẹ rúbọ níbẹ̀.

Ẹ wàyí o, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà gba ọ̀rọ̀ náà síbòmíràn. Ní tiwọn, ẹni tí ó kú yóò tún ayé wá ní ọ̀kan nínú ipò mẹ́fà: ó lè di òrìṣà, ó lè di asura tí í máa bá àwọn òrìṣà jà, ó lè di ènìyàn, ó lè di ẹranko, ó lè di preta, ó sì lè bọ́ sí ọ̀run àpáàdì. Ahun àti ojúkòkòrò ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi fún ipò preta. Àkójọ ìtàn 51 kan wà nínú ìwé mímọ́ èdè Pali, tí wọ́n ń pè ní Petavatthu, níbi tí àwọn òkú wọ̀nyí ti ń fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ní ara tí ó ń dán bíi wúrà, ṣùgbọ́n ẹnu ẹlẹ́dẹ̀ ló wà lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní òun kó ara òun níjàánu nígbà ayé òun, ṣùgbọ́n òun kò kó ẹnu òun níjàánu. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀ràn oúnjẹ nìkan ni.

Àwòrán tí ẹ rí yóò ti wá láti inú ìwé aláwòrán tí wọ́n ń pè ní Gaki Zōshi, tí wọ́n yà ní ìparí ọ̀rúndún kejìlá, tí ó sì wà lónìí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba ní Tokyo àti Kyoto. Nínú ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà, àwọn ènìyàn ń da omi sórí òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nítorí òkú wọn, àwọn gaki sì bẹ̀rẹ̀ nídìí òpó náà, wọ́n ń lá omi tí ó ń kán sílẹ̀. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn alààyè tí ó mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bí ó bá jẹ́ pé ìwà ẹni ló sọ ẹni di preta, kí ni ìwúlò oúnjẹ tí àwọn ẹbí ń gbé kalẹ̀? Ṣé ó ń dé ọ̀dọ̀ òkú náà ní tòótọ́?

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè yìí ti wà láti ayé Búdà fúnra rẹ̀. Bráhmánì kan, ìyẹn àlùfáà ẹ̀sìn àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, tí ń jẹ́ Janussoni ni ó gbé e wá, nítorí pé àwọn ènìyàn tirẹ̀ a máa fi oúnjẹ rúbọ sí òkú. Búdà dá a lóhùn pé bí òkú náà bá ti wà ní ọ̀run àpáàdì, tàbí tí ó ti di ẹranko, ènìyàn tàbí òrìṣà, oúnjẹ ipò tí ó wà ni yóò máa jẹ, ẹ̀bùn náà kò sì ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá wà láàárín àwọn preta nìkan ni yóò rí i gbà. Bráhmánì náà kò jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ẹni tí àwọn ṣe é fún kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Búdà ní ìbátan mìíràn yóò gbà á, pé kò ṣeé ṣe láéláé kí ibẹ̀ ṣófo láìsí ìbátan ẹni nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń gbà dé ibẹ̀ kì í ṣe pé kí a gbé àwo síwájú òkú. Ìtàn tí ó fi èyí hàn kedere jù ni ti Maudgalyayana, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọmọ ẹ̀yìn Búdà, tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní Mulian. Ó fi agbára ojú inú wá ìyá rẹ̀ tí ó ti kú, ó sì bá a láàárín àwọn òkú tí ebi ń pa, ó ku awọ àti egungun. Ó bu ìrẹsì kún inú abọ́, ó gbé e fún un. Ìyá náà fi ọwọ́ òsì bo abọ́ náà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún bu ìrẹsì, ṣùgbọ́n kí ó tó kan ẹnu rẹ̀, ó ti di ẹyin iná. Èmi ò lè gbójú fo ọwọ́ òsì yẹn: nínú ebi tí ó tó bẹ́ẹ̀, ó ṣì ń dáàbò bo oúnjẹ kí ẹlòmíràn má baà fọwọ́ kàn án. Búdà sọ fún Maudgalyayana pé agbára ẹnìkan ṣoṣo kò lè gba ìyá náà sílẹ̀, àfi kí ó fi oúnjẹ ta àwọn mọ́ńkì lọ́rẹ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje, nígbà tí wọ́n bá parí oṣù mẹ́ta ìgbà òjò tí wọ́n fi ń jókòó sójú kan. Èrè ọrẹ náà ni yóò dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

Bákan náà ni ti Ọba Bimbisara ti ilẹ̀ Magadha. Ó se àsè fún Búdà, ṣùgbọ́n kò fi èrè rẹ̀ jìn àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ti di preta, tí wọ́n sì ti ń retí. Ní òru ọjọ́ náà, wọ́n ké ramúramù yí ààfin ká. Nígbà tí ó tún ọrẹ náà ta, tí ó sì dárúkọ wọn sí i, omi tí ó ta lọ́rẹ di adágún òṣíbàtà fún wọn, oúnjẹ di oúnjẹ wọn, aṣọ sì di aṣọ sí wọn lára. Orin mímọ́ tí wọ́n so mọ́ ìtàn yìí sọ pé ẹ̀yìn ògiri, ìkòríta àti ẹnu ọ̀nà ilé tí ó jẹ́ tiwọn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí, pé kò sí oko ríro lọ́hùn-ún, kò sí ẹran dídà, kò sí káràkátà. Ohun tí a bá ti ìhín fi ránṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń jẹ. Títí di òní, níbi ìsìnkú ní Sri Lanka, àwọn ẹbí olóòkú a di ìgò omi kan mú papọ̀, wọn a sì máa da omi náà sínú ife títí yóò fi kún àkúnwọ́sílẹ̀, nígbà tí àwọn mọ́ńkì bá ń ka ẹsẹ kan nínú orin náà.

Milindapanha, ìwé àtijọ́ kan ti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, tún là á pé oríṣi preta mẹ́rin ló wà, pé àwọn tí ń gbé lórí ọrẹ ẹlòmíràn nìkan ló ń jàǹfààní. Àwọn mẹ́ta yòókù kò lè rí nǹkan kan gbà. Lójú mi, ibí yìí ni àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti gbìyànjú láti di ọ̀rọ̀ méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà: pé ìwà ẹni ni yóò dá ẹni lẹ́jọ́, àti pé a kò gbọ́dọ̀ pa òkú ilé ẹni tì.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí wọ́n fi ń ju oúnjẹ sílẹ̀ nínú òkùnkùn ní Cambodia?

ÌDÁHÙN: Nígbà ọdún Pchum Ben, tí ó ń gba ọjọ́ 15, àwọn ènìyàn a jí kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn a yí ká tẹ́ḿpìlì, wọn a sì máa ju ìṣù ìrẹsì sílẹ̀. Wọ́n gbà pé ìmọ́lẹ̀ ń ni àwọn òkú wọ̀nyí lára, àti pé ẹnu wọn kéré tó ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n tún ní òkú a máa lọ láti tẹ́ḿpìlì dé tẹ́ḿpìlì, títí dé méje, láti wò ó bóyá àwọn ìbátan rẹ̀ gbé nǹkan wá fún un. Bí kò bá rí nǹkan kan, yóò gégùn-ún.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé títí láé ni ebi náà?

ÌDÁHÙN: Rárá. Ó lè pẹ́ ju bí ènìyàn ti lè kà lọ, ṣùgbọ́n bí èrè ìwà náà bá ti tán, òkú náà yóò kú kúrò níbẹ̀, yóò sì tún ayé wá ní ipò mìíràn. Àwọn olùkọ́ kan lóde òní ń sọ pé ipò ọkàn àwọn alààyè tí kì í ní ìtẹ́lọ́rùn ni preta dúró fún. Ẹ̀kọ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi rọ́pò ohun tí àwọn ìwé àtijọ́ sọ, nítorí pé ẹni tí ó jí ní òru láti lọ fún ìyá rẹ̀ ní ìrẹsì kò lọ torí ipò ọkàn.

ÌBÉÈRÈ: Nígbà wo nínú ọdún ni wọ́n ń ṣe gbogbo èyí?

ÌDÁHÙN: Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń kà á, nítorí náà ọjọ́ rẹ̀ ń yí lọ́dọọdún. Àwọn ará Ṣáínà, títí kan àwọn tí ń gbé ní Singapore àti Malaysia, dì í mú ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje wọn, tí í sábà bọ́ sí oṣù kẹjọ tiwa. Pitru Paksha tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù fi ń rántí àwọn baba ńlá máa ń bọ́ sí nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, Pchum Ben sì ń wáyé ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá. Ní Jàpáànù, níbi tí wọ́n ti gba kàlẹ́ńdà tuntun ní 1873, àwọn agbègbè kan ń ṣe Obon, ọdún tí wọ́n fi ń rántí àwọn òkú, ní àárín oṣù keje, ṣùgbọ́n àárín oṣù kẹjọ ni ibi púpọ̀ jù lọ ń ṣe é.